Akéde Tí Kì Í Sọ Èdè Ìlú: Gàsẹ́ẹ̀tì Ìjọba Àpapọ̀ àti Iṣẹ́ Olùkọ́ Èdè Abínibí

Kí òyìnbó tó dé sí ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí, àṣẹ kì í múlẹ̀ láàárín ìlú àfi bí a bá kéde rẹ̀. Yorùbá ní akéde tí ń lu agogo, Haúsá ní mai-shela, Ìgbò ní ẹni tí ń lu ogene kiri àdúgbò. Bí ohun èlò wọn tilẹ̀ yàtọ̀, iṣẹ́ wọn jọra. Akéde a jáde ní àkókò tí àwọn ènìyàn wà nílé, yálà ní òwúrọ̀ kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ti oko dé. A máa dé ìkóríta àti ojúde tí ọ̀rọ̀ náà kàn. A máa dárúkọ ẹni tí ó rán an níṣẹ́. Paríparì rẹ̀, èdè tí gbogbo olùgbọ́ gbọ́ ni ó fi ń sọ ohun tí a fẹ́, ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìjìyà tí ń bẹ fún arúfin. Ẹni tí ó bá tàpá sí àṣẹ lẹ́yìn èyí kò lẹ́nu láti sọ pé òun kò gbọ́.

Ìjọba àpapọ̀ náà ní akéde tirẹ̀. Gàsẹ́ẹ̀tì ni a ń pè é. Láti ọdún 1914 tí ìjọba amúnisìn ti so gúúsù àti àríwá pọ̀ ni a ti ń ka ìdìpọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìdìpọ̀ ti ọdún 2009 fi jẹ́ ìdìpọ̀ 96. Inú rẹ̀ ni a ń tẹ àwọn òfin tí Ààrẹ bá ti buwọ́ lù sí. Inú rẹ̀ náà ni a ń tẹ àwọn ìlànà tí àwọn mínísítà àti àwọn àjọ ìjọba ń ṣe lábẹ́ òfin, àti ìkéde lórí ìyànsípò, lórí ilẹ̀ àti lórí ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn tí ó kan aráàlú. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, nítorí pé òun ni adájọ́ àti agbẹjọ́rò ń ṣí wò bí àríyànjiyàn bá dé. Ṣùgbọ́n akéde yìí kì í sọ èdè ìlú. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó ń sọ, kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ ní ilé ẹ̀kọ́ pàápàá. Gẹ̀ẹ́sì àwọn amòfin ni.

Èrò mi lórí ọ̀rọ̀ yìí kò lọ́jú pọ̀. Ìkéde tí a fi èdè tí ẹni tí ó kàn kò gbọ́ ṣe kì í ṣe ìkéde. Bákan náà, èdè tí ìjọba kò fi ṣe iṣẹ́ kankan, kò sí ìlànà ẹ̀kọ́ tí ó lè mú kí òbí àti ọmọ ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí so kọ́ra, àwa olùkọ́ èdè abínibí ni ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ rí ibi tí wọ́n ti so kọ́ra.

Ohun Tí Òfin Sọ àti Ibi Tí Ó Dákẹ́ Sí

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ Ìwé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 wò. Abala 35 sọ pé ẹnikẹ́ni tí a bá mú tàbí tí a fi sí àtìmọ́lé, a gbọ́dọ̀ fi ìdí tí a fi mú un tó o létí lórí ìwé láàárín wákàtí 24, ní èdè tí ó gbọ́. Abala 36 sọ pé ẹni tí a fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀sùn náà ní kíkún ní èdè tí ó yé e, kí a sì fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá gbọ́ èdè tí ilé ẹjọ́ ń lò. Àwọn tí wọ́n kọ ìwé òfin wa mọ̀ dájú, nígbà náà, pé ọmọ Nàìjíríà wà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gbà pé yóò jẹ́ ìrẹ́jẹ láti fi Gẹ̀ẹ́sì bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣẹjọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àkókò tí ẹ̀tọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ọlọ́pàá bá ti gbá a mú ni èdè rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wúlò. Kí ó tó ṣẹ̀, nígbà tí ìmọ̀ ì bá ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, kò sí abala kan tí ó ní kí a fi èdè rẹ̀ sọ òfin náà fún un. Bẹ́ẹ̀ Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù jogún láti ayé amúnisìn ti là á kalẹ̀ ní abala 22 rẹ̀ pé àìmọ̀ òfin kì í ṣe àwíjàre. A fi ìmọ̀ di dandan fún aráàlú, a kò sì fi ìkọ́ni di dandan fún ìjọba.

Ohun tí ó tún yà mí lẹ́nu ni òfin tí ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé. Láti ayé àwọn amúnisìn ni a ti ní òfin yìí, ó sì wà ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ títí di òní. Ẹni tí ó bá bá púrúǹtù kọ lẹ́tà tàbí ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, èyí tí ó dúró fún ẹ̀rí pé ó ti ka ìwé náà fún oníǹkan, ó sì ti túmọ̀ rẹ̀ fún un kí ó tó tẹ̀ka. Akọ̀wé abẹ́ igi ni òfin yìí mú. Ìjọba tí ó kọ ìwé tí ó kan mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún ènìyàn kò ní irú ojúṣe bẹ́ẹ̀ lọ́rùn.

Àpẹẹrẹ kan yóò mú ọ̀rọ̀ yìí sún mọ́ ilé. Ní ọdún 2009 ni ìjọba àpapọ̀ tẹ ìlànà kan jáde nínú gàsẹ́ẹ̀tì lórí ariwo, èyí tí àjọ tí ń bójú tó àyíká, NESREA, wà fún láti mú ṣẹ. Ìlànà náà sọ ìwọ̀n ariwo tí a lè pa ní àdúgbò tí àwọn ènìyàn ń gbé, ní ọ̀sán àti ní òru, ó sì fi ìjìyà lé e. Ta ni ọ̀rọ̀ ariwo kàn? Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ìlọta ni, àti onírẹ́kọ́ọ̀dù etí títì, àti àwọn aṣáájú ìjọ àti mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ní gbohùngbohùn, àti aládùúgbò wọn tí kò rí oorun sùn. Mélòó nínú wọn ni ó mọ̀ pé irú ìlànà bẹ́ẹ̀ wà? Aládùúgbò tí kò mọ̀ kò lè béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Onílọta tí kò mọ̀ yóò san owó fún ẹnikẹ́ni tí ó bá wọṣọ ìjọba wá halẹ̀ mọ́ ọn. Níbi tí òfin bá ti fara sin, àwọn tí ń fi òfin jẹun ni ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀.

Ti owó orí tún wá jẹ́ ká rí i kedere. Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni Ààrẹ buwọ́ lu òfin owó orí tuntun mẹ́rin, kí àwọn kan nínú wọn lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026. Kí ọdún 2025 tó parí, aṣòfin kan dìde nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣojú, ó ní ohun tí a tẹ̀ sínú gàsẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí ohun tí àwọn fọwọ́ sí. Ọ̀rọ̀ náà di ariwo, àwọn aṣáájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin méjèèjì sì pàṣẹ pé kí a tún àwọn òfin náà tẹ̀. N kò fẹ́ dá ẹjọ́ àwọn olóṣèlú níhìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí ni pé àwọn tí wọ́n lè fi ẹ̀dà kan wé èkejì kò pọ̀ rárá: àwọn aṣòfin, àwọn agbẹjọ́rò, àwọn oníṣirò owó àti àwọn oníròyìn. Ìyálọ́jà tí yóò san owó orí kò sí nínú wọn. Ohun tí ó tó o létí ni àròsọ: ẹnìkan ní ìjọba yóò máa yọ owó ní báǹkì, ẹlòmíràn ní kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìjọba kò bá fi èdè tí ó yé ni ṣàlàyé ara rẹ̀, àhesọ ni yóò bá a ṣàlàyé.

A kò lè sọ pé ìjọba kò mọ ọ̀nà. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní ọdún 2020, kíá ni ìkìlọ̀ nípa ọwọ́ fífọ̀ àti ìbòmú dé orí rédíò ní Yorùbá, ní Haúsá, ní Ìgbò, ní píjìn àti ní ọ̀pọ̀ èdè mìíràn, nítorí pé ẹ̀mí wà nínú ewu. Ṣùgbọ́n ìlànà tí Ààrẹ buwọ́ lù ní ọjọ́ 30 Oṣù Kẹta ọdún náà, èyí tí ó ti ènìyàn mọ́lé ní Èkó, ní Ògùn àti ní Àbújá, Gẹ̀ẹ́sì ni a kọ ọ́. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá mọ bí a ti ń fọ ọwọ́. Ó lè má mọ àwọn tí òfin gbà láyè láti jáde, ó sì lè má mọ ohun tí yóò sọ fún ọlọ́pàá tí ó bá dá a dúró lójú ọ̀nà.

Ibi Tí Àwọn Ẹlòmíràn Dé

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni ọ̀rọ̀ ìkéde òfin ti da láàmú. Ní Amẹ́ríkà, títí di ọdún 1935, kò sí ìwé kan pàtó tí a ń tẹ ìlànà àwọn iléeṣẹ́ ìjọba sí. Ní ọdún náà ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dá ẹjọ́ kan lórí epo rọ̀bì, nínú èyí tí ó ti hàn pé apá kan nínú ìlànà tí a fi mú àwọn elépo ti já bọ́ nígbà tí a ń ṣe àtúnṣe sí i, láìjẹ́ pé ìjọba alára mọ̀. Ìtìjú yìí wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n ṣe òfin tí ó dá ìwé tí wọ́n ń pè ní Federal Register sílẹ̀. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní Oṣù Kẹta ọdún 1936, ojoojúmọ́ iṣẹ́ ni ó sì ń jáde títí di òní. Láti ọdún 1946, òfin mìíràn tún mú un ní dandan fún ọ̀pọ̀ àwọn ìlànà pé kí a kọ́kọ́ tẹ àbá wọn jáde, kí aráàlú sọ tẹnu wọn, kí a tó fi wọ́n lélẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí èyí kọ́ wa ni pé àṣẹ tí ó wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì kò tíì di òfin tí a lè fi múni. Ṣùgbọ́n títẹ̀ jáde nìkan kò tó. Ó kù kí ó yé ni.

Ilẹ̀ Adúláwọ̀ gan-an ni àpẹẹrẹ yíyéni wà. Gàsẹ́ẹ̀tì Etiópíà tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1942 ń jẹ́ Negarit Gazeta, àwọn ará ibẹ̀ sì fi Amharic àti Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nínú gàsẹ́ẹ̀tì àpapọ̀ tí ó rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 1995, bí èdè méjèèjì bá takora, ti Amharic ni a ó tẹ̀ lé. Orúkọ náà pàápàá dùn mọ́ mi nínú: negarit ni ìlù tí wọ́n ń lù láyé àtijọ́ nígbà tí a bá fẹ́ ka àṣẹ ọba sí etí ìlú. Àwọn ará Etiópíà sọ ìwé òfin ní orúkọ ìlù akéde wọn. Àwa fi agogo tiwa sílẹ̀ fún àwọn òṣèré orí ìtàgé.

Ní Tanzania, àtúnṣe òfin ti ọdún 2021 sọ Kiswahili di èdè òfin àti èdè ilé ẹjọ́. Ní Gúúsù Áfíríkà, ìwé òfin ọdún 1996 ka èdè 11 sí èdè ìjọba, a sì fi èdè àwọn adití kún wọn ní ọdún 2023. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2012 ní kí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kọ̀ọ̀kan yan ó kéré tán èdè mẹ́ta tí yóò máa fi ṣiṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń gba ipò iwájú níbẹ̀, n kò sì ní tan ẹnikẹ́ni jẹ pé gbogbo rẹ̀ ti dára. Ṣùgbọ́n aráàlú wọn ní abala òfin tí ó lè fi pe ìjọba lẹ́jọ́. Kí ni tiwa tí a lè tọ́ka sí?

Àwíjàre Mẹ́ta

Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀, àwíjàre mẹ́ta ni a sábà máa ń gbọ́.

Àkọ́kọ́ ni pé èdè wa pọ̀ jù. Òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ èdè ka èdè tí ó ju 500 lọ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ìwé òfin wa ti fi ọ̀nà hàn. Abala 55 sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ yóò máa lò, àti Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá nígbà tí ètò tí ó yẹ bá ti wà. Abala 97 fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti fi èdè tí a ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà kún Gẹ̀ẹ́sì. Ìpín iṣẹ́ ti wà níbẹ̀: kí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èdè mẹ́ta, kí ìpínlẹ̀ sì gbé ìkéde àpapọ̀ àti tiwọn lọ sí èdè Tiv, Kanuri, Efik, Ijaw, Edo, Nupe àti àwọn yòókù. Bí a bá dúró ní orí èdè mẹ́ta nìkan, a ó kàn fi ìyà jẹ àwọn èdè kéékèèké lọ́nà tí Gẹ̀ẹ́sì ti fi jẹ àwọn ńlá. Ètò tí abala 55 ń retí kò tíì dé láti ọdún 1999, nítorí pé kò sí ẹni tí a gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé lọ́wọ́.

Èkejì ni pé èdè abínibí kò ní ọ̀rọ̀ fún òfin. Àwíjàre yìí ti gbó. Ní ọdún 1984 ni ìdìpọ̀ kìn-ín-ní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde lábẹ́ àkóso Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé. Ní ọdún 1991, àjọ NERDC tẹ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin jáde ní Gẹ̀ẹ́sì, Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá, kí àwọn aṣòfin má baà rí àwáwí. Àwọn akọ̀ròyìn rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tilẹ̀ ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́nu wọn ni ọ̀rọ̀ bí ìjọba àpapọ̀, ètò ìṣúná, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àti àjọ elétò ìdìbò ti di ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó náà ti fi Yorùbá jíròrò ní àwọn ọjọ́ tí ó yà sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ kò sì wọ́n wọn lẹ́nu.

Ẹ̀kẹta ni àwíjàre àwọn amòfin, pé èdè abínibí yóò mú kí òfin ní ìtumọ̀ méjì. Gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, mo ní láti dáhùn èyí dáadáa. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, "may not" lè túmọ̀ sí pé a kò gba ènìyàn láàyè láti ṣe nǹkan, ó sì lè túmọ̀ sí pé ó ṣeé ṣe kí ó má ṣe é. Yorùbá kò da àwọn wọ̀nyí pọ̀. "Kò gbọdọ̀ san án" yàtọ̀ sí "ó lè má san án", "kò pọn dandan kí ó san án" sì yàtọ̀ sí méjèèjì. Ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin ní lọ́kàn kí ó tó lè tú u. Bí kò bá rí i, a jẹ́ pé àbùkù wà nínú òfin náà fúnra rẹ̀, aáyan ògbufọ̀ ni ó sì tú u fó. Bákan náà, òfin tí ó ṣàlàyé bí a ó ti máa túmọ̀ òfin ní Nàìjíríà ní láti sọ ní abala 14 pé ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ka sí ọkùnrin kan obìnrin pẹ̀lú. Yorùbá kò nílò irú àlàyé bẹ́ẹ̀, nítorí pé "ó" kò ya akọ sọ́tọ̀ sí abo. Ìgbò náà rí bẹ́ẹ̀, bí Haúsá tilẹ̀ ń yà wọ́n.

Ibi tí ewu wà ní tòótọ́ ni àkọtọ́, àwa olùkọ́ ni ó sì kàn. Bí ìkéde bá kọ "owo oko" láìsí àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà, ta ni yóò mọ̀ bóyá owó ọkọ̀ ni tàbí owó oko? "Igba" lè jẹ́ igba tí í ṣe iye, ìgbà tí í ṣe àkókò, tàbí igbá tí a fi ń bu omi. Nínú lẹ́tà ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, òye yóò gbé e. Nínú ìkéde owó orí, ẹjọ́ ni yóò dá sílẹ̀. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974 ti wà nílẹ̀. Síbẹ̀ àwọn àkọlé tí ìjọba ń gbé sí ojú títì, àìlámì ni ọ̀pọ̀ wọn. Kí a tún kọ iye owó àti ọjọ́ ní nọ́ńbà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò lè ka ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin mọ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé 700 ni.

Kí Ni Ó Kan Olùkọ́ Èdè?

Ẹnìkan lè béèrè pé iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni mo gbé wá sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn wa. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi ètò ọlọ́dún mẹ́fà hàn wá pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní gbogbo ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í di ẹni ẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè ọdún 1977 fi àyè sílẹ̀ fún èdè abínibí. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè tí ó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti jẹ́léósinmi títí dé yunifásítì. Ìdí tí ó mẹ́nu bà ni ìjákulẹ̀ nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Inú bí púpọ̀ nínú wa, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ìdí tí ìlànà náà fi rọrùn láti wó. Àwọn òbí kò jáde sí ìgboro láti gbèjà rẹ̀. Ìdí ni pé òbí mọ ibi tí èdè ti ń ṣiṣẹ́. Ó rí i pé ìwé báǹkì, ìwé ilẹ̀, ìwé ilé ẹjọ́ àti ìkéde ìjọba, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn. Ó wá parí èrò sí pé Yorùbá, Ìgbò tàbí Tiv wà fún oríkì àti àlọ́, Gẹ̀ẹ́sì sì wà fún agbára. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2018 láti fi Yorùbá di dandan ní ilé ẹ̀kọ́ dára, ṣùgbọ́n dandan ní kíláàsì kò lè ṣe iṣẹ́ tí ìwúlò ní ìgboro ń ṣe. Ọjọ́ tí ìjọba bá ń gba ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ àti olóòtú èdè abínibí síṣẹ́ nítorí gàsẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ náà ni òbí yóò yí èrò rẹ̀ padà láìsí pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

A kò sì gbọ́dọ̀ dúró de ìjọba kí a tó bẹ̀rẹ̀. Aáyan ògbufọ̀ wà nínú ẹ̀kọ́ wa, ṣùgbọ́n ìtàn kéékèèké ni a sábà máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tú. Kí a fún wọn ní ìkéde ìjọba gidi. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè márùn-ún: Ta ni ó pàṣẹ? Ta ni ó kàn? Kí ni kí ó ṣe tàbí kí ó má ṣe? Láti ọjọ́ wo? Kí ni ìjìyà, níbo sì ni a ti lè fi ẹ̀hónú hàn? Kí ó wá kọ ọ́ sí ojú ewé kan ní èdè abínibí, pẹ̀lú àmì pípé. Lẹ́yìn èyí, kí ó gbé e lọ ka fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn: àgbẹ̀, alágbàtà, awakọ̀, aránṣọ. Kí ó ní kí ẹni náà tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún òun. Ibi tí olùgbọ́ bá ti ṣì í sọ, ibẹ̀ ni ìtumọ̀ ti wọ́, kí ó padà lọ tún un ṣe. Ìdánwò yìí le ju ti WAEC lọ, nítorí pé ọjà ni ó ń máàkì í.

Àbá

Mo dábàá ohun mẹ́rin. Èkínní, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ṣe òfin pé ìlànà tí ó bá kan owó orí, ilẹ̀, ìlera, ìdìbò, owó náírà tàbí ìjìyà ọ̀daràn, a gbọ́dọ̀ tẹ àkópọ̀ rẹ̀ jáde ní Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ti Gẹ̀ẹ́sì. N kò ní kí a túmọ̀ gbogbo ojú ewé gàsẹ́ẹ̀tì láti ọ̀la lọ. Kí Gẹ̀ẹ́sì ṣì jẹ́ èyí tí ilé ẹjọ́ yóò tẹ̀ lé ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá tẹ̀ lé àkópọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí ní òtítọ́ inú má jìyà bí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀.

Èkejì, kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lo àṣẹ tí abala 97 fún un, kí ó sì mú ìkéde dé èdè àwọn ènìyàn rẹ̀, kékeré àti ńlá. Ẹ̀kẹta, kí a ka àkópọ̀ náà lórí rédíò ìjọba ní àkókò tí a ti kéde ṣáájú, lówùúrọ̀ àti lálẹ́, nítorí pé ẹni tí kò mọ Gẹ̀ẹ́sì kà lè má mọ èdè tirẹ̀ kà pẹ̀lú. Ẹ̀kẹrin, kí àwọn ẹ̀ka èdè ní yunifásítì àti ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni gbogbo fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ òfin láti kọ́ ògbufọ̀ òfin, kí wọ́n sì tún ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ ọdún 1991 ṣe, kí ó kan àwọn èdè mìíràn, kí ó sì kan íntánẹ́ẹ̀tì, ìṣòwò orí fóònù àti àwọn nǹkan tí kò sí nígbà náà.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti fi ń bẹ ìjọba pé kí ó jẹ́ kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ. Ẹ̀bẹ̀ náà tọ́, a kò sì ní dá a dúró. Ṣùgbọ́n ó tó àkókò kí a béèrè ohun kejì, kí ìjọba fúnra rẹ̀ fi èdè abínibí bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀. Bí a bá rí èyí gbà, ti ọmọdé yóò rọrùn láti gbà, mínísítà tí yóò fagi lé e yóò sì kọ́kọ́ ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní Sókótó, ní Calabar, ní Makurdi, ní Maiduguri àti ní gbogbo ibi tí ìwé yìí bá dé, ẹ mú ìkéde ìjọba kan wọ kíláàsì ní sáà tí ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín tú u, kí wọ́n kà á fún àwọn òbí wọn. Kí a wá kó iṣẹ́ wọn jọ, kí a gbé e lọ sí iwájú àwọn aṣòfin, kí ó jẹ́ ẹ̀rí pé ètò tí abala 55 ń dúró dè ti wà nílẹ̀.